Ẹni Tó Lọ sí Ṣábẹ̀

Oṣù méjì ni mo tọrọ lọ́wọ́ ìjọ nígbà tí mo ń lọ. Oṣù mọ́kànlá ni mo lò kí n tó padà dé Òsí.

Ìyá mi ló ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ṣábẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Èmi nìkan ni obìnrin nínú ọmọ mẹ́rin tó bí, èmi nìkan náà ni n kò ní ọkọ tàbí ọmọ tí màá kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé bí egungun bá ti so pọ̀, màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Egungun so, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀, kò fẹ́ tẹ ilẹ̀. Mo kọ́ ìyá mi ní ìrìn bí a ti ń kọ́ ọmọ ọdún kan: láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ igi máńgòrò. Ọjọ́ tó fi ọ̀pá rìn dé ilé aládùúgbò, tó sì dá padà wá fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ó yá, máa lọ síbi iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán ẹ," ó ní. "Ìyàwó àbúrò ẹ á máa wò mí."

"Ẹ ò tíì lágbára tó, Màámi."

"Mo mọ̀. Máa lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Báyìí ni mo ṣe kúrò nílé. N kò bojú wẹ̀yìn títí mọ́tò fi kọjá ọjà, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, n kò ní lọ.

Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Wọ́n á ní, ṣé Òsí náà ni ilẹ̀ òkèèrè? Ṣé kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni? Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé, àsíá mìíràn ni mo ń kí láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Nígbà tí ìjọ wa rán mi wá sí Kwara ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, láti máa ṣiṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé, n kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń bá mi sọ. Ilé tí èmi mọ̀, "ulé" ni wọ́n ń pè é. Bí èmi náà bá sì la ẹnu, wọ́n á wo ara wọn lójú.

Ìrìn àjò ìpadàbọ̀ yẹn gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba Kétu, mo sọdá ẹnubodè sí Ìmẹ̀kọ, mo sùn ní Abẹ́òkúta, mo tún sùn ní Ìlọrin. Láti Òmù-Àrán, mo wọ takisí tí wọ́n há èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ọdún náà ti gbẹ́ tuntun kún wọn.

Yàrá méjì tí ìjọ fún mi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ti gbá a, wọ́n ti pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹnì kan sì ti gbé iṣu mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ kí n mọ ẹni tó gbé e wá. Nígbà tí mo ṣí àpótí ìwé mi, ikán ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n ti jẹ gbogbo ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ ẹ̀kọ́ sí, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku èèpo ẹ̀yìn nìkan. Mo kó o dà síta. N kò sunkún. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó sunkún. Mo se omi gbígbóná, mo bù ú sínú báàfù, mo mú aṣọ ìnura, mo sì yíjú láti pe Màámi pé omi ti délẹ̀. Kò sí ẹnì kankan ní yàrá kejì. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́ títí omi fi tutù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ara mi wà ní Òsí, etí mi wà ní Ṣábẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi igi kan ilẹ̀ níta, màá dìde. Oúnjẹ tí mo ń sè ń pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ní ìrọ̀lẹ́, màá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa, màá pe ilé. Màámi á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Kí n tó dáhùn, ìlà á já.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ìjọ dìde, wọ́n kọrin kí mi káàbọ̀, wọ́n dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìn, mo gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá tí a ti ń kọ́ àwọn obìnrin lẹ́kọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi kàn gbé mi lọ ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ló ń darí wọn. Láyé tèmi, ìlà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á kọjú sí mi. Òun ti ní kí wọ́n fi àga yí ara wọn ká, òun pẹ̀lú sì jókòó sáàárín wọn. Ìyá kan tí kò la ẹnu rí nínú kíláàsì mi fún ọdún mẹ́fà gbáko ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ń gbọ́ ọ.

Tíṣà náà rí mi, ó sáré dìde, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ wọlé. Àyè yín rèé."

"Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ," ni mo wí. Mo jókòó sí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ajé, pásítọ̀ wa wá kí mi nílé. Ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni.

"Kíláàsì yẹn ń lọ dáadáa, mà," ó ní.

"Mo rí i."

"Bí ẹ bá ní kó gbé e sílẹ̀ fún yín, á gbé e sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín."

Mo wo ọwọ́ mi. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí kí n ní kó gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá tó ń sọ̀rọ̀ lánàá yẹn.

"Kí ló máa gbé e sílẹ̀ fún?" ni mo wí. "Kí ló kù tí mo lè ṣe?"

Ó yọ bébà kan nínú àpò. Orúkọ àwọn àgbà tí wọn ò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ló wà níbẹ̀, méjìlá ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ní Òsí, méjì ní Òdò-Ọwá, ọ̀kan ní Ìlọ́fà. Ó ní kò sí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n wò déédéé, kí n jọ̀ọ́ bá wọn ṣe é. Mo gbà á, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú mi, ó dùn mí. Mo ní, wọ́n ti fi mí ti ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àwọn tí kò lè rìn mọ́. Ìgbà tí pásítọ̀ lọ tán ni mo tó ka orúkọ àkọ́kọ́.

Ìyá tí mo gbé ilé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí ni. Òun ló kọ́ mi ní èdè ibẹ̀. Òun ló ń jí mi fún àdúrà òwúrọ̀, òun ló ń sọ fún mi pé aṣọ yìí kò dára lára mi. Ìyá ni mo ń pè é, ọmọ mi ló ń pè mí. Kí n tó lọ sí Ṣábẹ̀, òun ló gbé ọwọ́ lé mi lórí. Láti ìgbà tí mo sì ti dé, n kò tíì yọjú sí i.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó ti gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n gèlè rẹ̀ ṣì dúró gírí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì pariwo, "Ìyá, mo ti dé o!"

Ó gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jókòó. Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo rò pé ojú ló ń dùn ún. Mo sún mọ́ ọn. "Èmi ni, Ìyá. Ọmọ yín, ará Ṣábẹ̀."

"Há, ìyẹn kò sí nílé," ó ní. "Ìyá rẹ̀ ló ṣubú. Ó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, kò tíì dé." Ó ṣa òkúta kan jù sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ni?"

Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, "o" ni ìyá yìí ń sọ fún mi: o ti jẹun, o ti gbẹ jù, o ò gbọ́ràn. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé "ẹ".

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá," ni mo wí.

"Ó dáa. Ẹ bá mi ṣa ẹ̀wà, ká jọ máa retí rẹ̀."

A ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Araròmí-Ọ̀pin, ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì fà mí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ó yẹ kí n ti pè yín lórí fóònù. Láti ìgbà Àjíǹde ló ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, ó ń mọ̀ mí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó lè fi orúkọ bàbá wa pè mí."

"Ṣé ó ń béèrè mi?"

"Lójoojúmọ́," ó ní. Kò lè wo ojú mi. "Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín."

Mo rìn padà sílé. Àárò ìyá méjì ló ń sọ mí. Ọ̀kan wà ní Ṣábẹ̀, mo lè bá a sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ kàn án. Èkejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án tán ni.

Pásítọ̀ ní kí n máa lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sa gbogbo ipá mi kó lè rántí mi. Mo wọ ìró tó fún mi ní ọdún kan, mo mú fọ́tò tí a jọ yà ní ọjọ́ ìkórè lọ bá a. Ó wo fọ́tò náà, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. Ẹ̀rù bà á. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má dà mí láàmú," ó ní. Mo dá fọ́tò náà padà sínú báàgì, n kò mú un jáde mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo gbà pé àlejò ni mí. A ń gbàdúrà, a ń kọ orin, màá bá a fọ abọ́, màá sì jókòó.

Nígbà tí mo dákẹ́ ni òun bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa mi. Ó ní ọmọ Ṣábẹ̀ yẹn kò mọ iṣu í gún nígbà tó dé, ègé iṣu ló ń fi ọmọ odó fọ́n káàkiri. Ó ní ó máa ń fi orí kunkun ṣiṣẹ́ nínú òjò. Mo ń gbọ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jọ ń yin àgbàdo.

"Kérésìmesì rẹ̀ àkọ́kọ́ níbí, ó sunkún," ó ní.

Mo gbé orí sókè. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Gbogbo ilé ti lọ kí àwọn ará, èmi ní orí ń fọ́ mi. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi ìró bo ẹnu, mo sì sunkún bí ọmọdé. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Mo gbàgbé ìwé orin mi, mo padà wá mú un. Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ ò lọ bá a?"

Ó mi orí. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ló ń pè, èmi kọ́. Bí mo bá yọ sí i, á nu ojú, á máa rẹ́rìn-ín nítorí mi. Mo ní kó sun ún tán." Ó ju kùkù àgbàdo sínú agbọ̀n. "Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo sun iṣu fún un."

Mo rántí iṣu náà. Ó gbóná, ó fi epo àti iyọ̀ sí i, ó gbé e ka iwájú mi láìsọ nǹkan kan. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú yìí nìyẹn ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. N kò tilẹ̀ dúpẹ́ dáadáa.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn tó nawọ́ sí fóònù mi. "Nǹkan yín yìí, ṣé ó lè dé Ṣábẹ̀?"

"Ó lè dé, Ìyá."

"Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi."

Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

"Ọmọ mi, èmi ni o. Ara mi le. Ìyá rẹ ńkọ́? Má kánjú nítorí mi. Bó bá ti lè rìn, kó o máa bọ̀. Iṣu ti jáde. Àlejò kan ń bá mi ṣa ẹ̀wà, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ tó ẹ." Ó gbójú sókè. "Ó tán. Ẹ fi ránṣẹ́."

N kò mọ ohun tí mo máa fi í ṣe. Mo lọ bá pásítọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní, "Àbí irọ́ ni mo ń pa fún ìyá yìí?"

"Kí lẹ sọ fún un, mà?"

"Mo ní fóònù lè dé Ṣábẹ̀."

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ nígbà náà."

Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó àbúrò mi, mo sì ṣàlàyé fún Màámi bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló pè. "Mo fẹ́ bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀," ó ní.

Mo gbé fóònù sáàárín èmi àti Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jẹ́ kí ohùn jáde sókè.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o," Màámi wí, pẹ̀lú ohùn Ṣábẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kú ìtọ́jú rẹ̀," Ìyá dáhùn. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń san. Ṣé ẹ ń rí i dáadáa? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti padà sọ́dọ̀ yín."

"Rárá o. Ọ̀dọ̀ yín ló wà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo ti ṣàlàyé fún Màámi, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kéèyàn fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Mo jókòó sáàárín wọn, n kò lè sọ pé èmi rèé.

"Ó dáa," Màámi wí nígbà tó yá. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "A jọ ń retí rẹ̀ nìyẹn."

"A jọ ń retí rẹ̀," Ìyá wí. "Ẹ má jẹ́ kó gbẹ jù."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kó gbẹ jù."

Ìlà já. N kò mọ̀ pé mo ti ń sunkún títí omi fi kán sórí ọwọ́ mi. Ìyá wò mí. Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó rọra wọlé, ó fi mí sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò rántí mi títí di òní. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò lè máa fi í sílẹ̀ nìkan lọ sí ibi iṣẹ́ mọ́. Ó ti jáde nílé lẹ́ẹ̀mejì, ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin tó ń gbé Ìlọrin ti ní kí ó mú ìyá wọn wá. Mo bá Ìyá di ẹrù. Ó ní kí n fi ìwé orin rẹ̀ sí òkè pátápátá. Nígbà tó wọ mọ́tò tán, ó nà jáde lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bí ó bá dé," ó ní, "ẹ sọ fún un pé Ìlọrin ni mo wà."

"Màá sọ fún un, Ìyá."

Mo dúró lójú títì títí eruku fi lọ sílẹ̀.

Orúkọ mọ́kànlá ló kù nínú bébà mi, mo sì ń tọ̀ wọ́n lọ. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, tíṣà yẹn ní kí n wá bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń bẹ aláìlera wò. N kò ní ìwé tí mo lè ṣí, torí náà mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn gẹ́lẹ́ bó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo parí, ìyá tí kò sọ̀rọ̀ rí fún ọdún mẹ́fà béèrè ọjọ́ tí mo ń lọ sí Òdò-Ọwá. Mẹ́rin nínú wọn ló ń bá mi lọ báyìí. A máa ń gun ọkadà, bí òjò bá sì ti ba ọ̀nà jẹ́, a ó bọ́ sílẹ̀, a ó ká ìró sókè, a ó fi ẹsẹ̀ rìn.

Mo ṣì ń pe ilé ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi ní òun ti rìn dé ọjà. Ó ní àwọn ará ilé ń béèrè ìgbà tí mo máa wá. Mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kò burú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára lọ́jọ́ náà, ìlà kò já. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bó ti ń mí, mo sì mọ̀ pé òun náà ń gbọ́ mi. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa fóònù nínú wa.